Iṣẹ́ Kánsù Lọ́tọ̀, Àpò Ara Ẹni Lọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ láti ẹ̀ka Iṣẹ́-Òde sọ ní ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn tí kò lè wá.

 

N kò ní í pẹ́ lórí ìdúró. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo parí kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ilé-ìwé alẹ́ ni mo sì ti kọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò béèrè ìwé púpọ̀. Òótọ́ inú ni ó ń béèrè.

Ẹ ti gbọ́ nípa lẹ́tà tí àwọn aláṣẹ kánsù kọ sí ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún òfin tí ó de alága, kánsẹ́lọ̀ àti òṣìṣẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi iṣẹ́ ìlú wá èrè ara rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mú èrò tirẹ̀ wá. Láti ìgbà tí lẹ́tà náà ti dé ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nínú ọgbà. Àwọn kan ní pańpẹ́ ni wọ́n dẹ fún òṣìṣẹ́ kékeré. Àwọn mìíràn ní kò kàn wá, ọ̀rọ̀ olóṣèlú ni. Àwọn kẹta sì ń pa òwe, wọ́n ní ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni ó ti ń jẹ. Mo fẹ́ dáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ níwájú yín.

Ní ọdún 2016, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ẹgbẹ́ wa jà títí wọ́n fi yọ méjìlá sọ́tọ̀ fún ìdílé òṣìṣẹ́. Wọ́n yan ènìyàn márùn-ún láti pín in, èmi sì wà níbẹ̀ ní orúkọ yín. Àwọn tí ó kọ̀wé lé ní ogójì. Ìyàwó mi wà lára wọn. Aṣọ ni ó ń tà, orí ni ó sì fi ń kiri rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé bí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dé orí orúkọ rẹ̀, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan. N kò bẹ ẹnikẹ́ni. N kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo kàn jókòó síbẹ̀ ni. Àwọn mẹ́rin yòókù wo ojú mi, wọ́n sì fi àmì sí orúkọ náà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó jalè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń gbá títì dá mi dúró ní ẹnu géètì. Opó ni, ọmọ mẹ́rin ni ó ń tọ́, òun náà sì kọ̀wé. Ó ní, "Fọ́ọ̀mà, mo gbọ́ pé orúkọ ìyá àwọn ọmọ yín jáde. Ẹ kú oríire. Ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in?" Kò bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo sì bá tèmi lọ.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí a lọ bá àwọn aláṣẹ jókòó lórí àjẹsílẹ̀ owó oṣù. Èmi ni ẹ rán ní iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni, ọ̀gá kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Fọ́ọ̀mà, ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù bí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ohùn tí ẹ fi rán mi ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù kan rà, èmi kò sì mọ ìgbà tí mo tà á.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ mo sọ fún ìyàwó mi pé kí a dá ṣọ́ọ̀bù náà padà. Ó bínú, ó sì jàre. Ó béèrè ohun tí òun ṣe tí òun yóò fi padà sínú oòrùn. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é. A dá a padà. Bí ẹ bá rò pé opó yẹn ni wọ́n gbé e fún, ẹ tàn jẹ. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá kan ni ó gbà á.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí a dẹ́kun dídá nǹkan padà lẹ́yìn ìgbà tí ó ti bàjẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ohun tí ó yẹ kí n ṣe ní ọjọ́ náà yóò gbà. Kí n sọ pé, "Orúkọ ìyàwó mi wà níbí," kí n dìde, kí n jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jáde. Bí ó bá gbà á nígbà tí n kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè fi í bú u. Bí kò bá sì gbà á, a ó mọ̀ pé kádàrá ni. Gbogbo òfin tí a ń sọ lónìí, orí rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Nísinsìnyí, kí ni òfin sọ? Mo lọ ka Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, Àfikún Karùn-ún, níbi tí òfin ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà. Irú rẹ̀ ti wà nínú ti ọdún 1979 náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí ipò tí ìfẹ́ ara rẹ̀ yóò ti máa ta ko iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ta ni òṣìṣẹ́ ìjọba? Ní apá kejì àfikún yẹn, wọ́n to orúkọ wọn láti orí Ààrẹ sọ̀ kalẹ̀. Alága kánsù, àwọn ọmọ kánsù àti àwọn òṣìṣẹ́ kánsù wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò kàn wá, kí ó lọ kà á. Ó kàn mí pẹ̀lú kọ́bà ọwọ́ mi.

Òfin náà sọ nípa ẹ̀bùn. Bí kọngílá tí ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ bá fún ọ ní ẹ̀bùn, òfin ti kà á sí pé o rú u, àfi bí o bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbò Iléyá àti àpò ìrẹsì Kérésìmesì tí kọngílá ń já sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, abẹ́ ìlà yìí ni wọ́n wà. Ohun tí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bá fún ọ ní ọ̀nà tí àṣà mọ̀, ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fún ọ ní gbangba níbi ayẹyẹ iṣẹ́, ti ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe tìrẹ.

Òfin náà tún sọ nípa ẹni tí ó ń lo orúkọ ẹlòmíràn. Ìpínrọ̀ kẹtàlá sọ pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba ẹ̀yìn aṣojú tàbí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí a kà léèwọ̀, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka tẹ́ńdà mọ ohun tí mo ń wí. Òfin ICPC ti ọdún 2000, ní apá kejìlá rẹ̀, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní ìpín nínú kọ́ńtíráàtì tí ó ti inú ọ́fíìsì rẹ̀ jáde lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje gbára.

Ẹ ó bi mí pé, bí òfin bá le tó báyìí, kí ni a tún fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé.

Ní ìgbà kan wọ́n rán mi lọ wo afárá kékeré kan tí wọ́n ń ṣe sí orí gọ́tà. Ìwé iṣẹ́ ní kí wọ́n lo irin mílímítà 12. Mo wọ̀n ọ́n, mílímítà 10 ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹni tí mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ni ẹ̀gbọ́n kọngílá náà, ìyá kan náà ni ó bí wọn. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ẹjọ́ yẹn? Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n gbé mi lọ sí ìpẹ̀kun ìlú kí n lọ máa tún ògiri ṣe. Òjò kò rọ̀ tó oṣù mẹ́ta tí afárá náà fi fọ́, tí ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan sì kó sínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kò bọ́. Òfin wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan nínú kánsù tí ó fi hàn pé àwọn méjì yẹn jẹ́ ọmọ ìyá, kò sì sí ẹni tí ó ní láti béèrè.

Ibẹ̀ ni ihò wà. Lóòótọ́, òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá gba ipò, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, àti nígbà tí ó bá ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àjọ tí wọ́n ń pè ní Code of Conduct Bureau ni ìwé náà ń lọ. Àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà kò rí i. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìwé Òfin Ilẹ̀ dárúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó tí kò sì tíì pé ọdún 18. Òfin àjọ náà ti ọdún 1989 fi ìyàwó tàbí ọkọ kún un. Kò sí èyí tí ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àna. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò àti àna ni kọ́ńtíráàtì ń sá pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé E. W. J. Nicholson dìde láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe àkóso Kánsù Àgbègbè Ìbàdàn, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1956. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé dúdú nìkan ni ó ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayàwòrán-ilé kan tí ó ń jẹ́ John Poulson fi owó ra àwọn ènìyàn inú kánsù kí wọ́n lè máa gbé iṣẹ́ fún un. Ní 1974 òun àti T. Dan Smith, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí kánsù Newcastle rí, lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n jókòó tí wọ́n kọ òfin ìwà fún àwọn kánsẹ́lọ̀ wọn ní 1975. Lónìí, lábẹ́ òfin wọn ti ọdún 2011, kánsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ 28 láti kọ iṣẹ́, ilẹ̀ àti kọ́ńtíráàtì tirẹ̀ àti ti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè kà. Bí ọ̀rọ̀ tí ó kàn án bá dé, kò gbọdọ̀ dá sí i, kò sì gbọdọ̀ dìbò. Wọn kò dúró de Lọ́ńdọ̀nù láti máa ṣọ́ kánsù kọ̀ọ̀kan. Ilé ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ.

Ó sì kan àsìkò tiwa gan-an. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó kánsù 774 tí ó wà ní Nàìjíríà máa lọ tààrà sí ọwọ́ kánsù, kí gómìnà má ṣe dá a dúró. Ẹgbẹ́ wa jó ní ọjọ́ náà, ó sì tọ́ kí a jó. Ṣùgbọ́n bí owó bá ń bọ̀ tààrà sí ilé, ilé ni kí a ti di ilẹ̀kùn mú. A kò lè gba owó lọ́wọ́ gómìnà kí a wá gbé e fún àbúrò alága.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn àwọn tí ó ní pańpẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré ni. Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Òfin kan náà sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọdọ̀ ṣe òwò kankan, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti oṣù Keje 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Ẹ mọ iye tí àpò ìrẹsì jẹ́. Bíríkìlà wa ń lọ mọ odi ní ọjọ́ Sátidé. Awakọ̀ wa ń gun ọ̀kadà ní alẹ́. Bí ọ̀gá kan bá kórìíra yín, ó lè fi òfin yìí mú yín ní ọ̀la, nígbà tí ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ ń bẹ ní orúkọ ọmọ rẹ̀.

N kò ní í tàn yín: kánsù kò lè yí Ìwé Òfin Ilẹ̀ padà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá àti ti àwọn ìpínlẹ̀ ni ó lè yí i, ọ̀nà tí a ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ wa ní orílẹ̀-èdè. Ohun tí a lè sọ nílé ni pé bíríkìlà tí ń mọ odi ẹlòmíràn ní Sátidé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ kánsù. Ẹni tí ń ta irin fún kánsù, tí ó sì tún jẹ́ òun ni yóò wọn irin náà, ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Kí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń buwọ́ lu ìwé owó.

Sí àwọn tí ń pa òwe ewúrẹ́: ewúrẹ́ tí a so mọ́ ibì kan, koríko ibẹ̀ ni ó ń jẹ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn àti èèkàn, onílé yóò bá a sọ ọ́. Koríko wa ni owó oṣù àti ẹ̀tọ́ wa. Afárá, oògùn ilé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ, èèkàn ìlú ni wọ́n.

Ẹlòmíràn yóò sì sọ pé ìlú wa kékeré ni, ẹbí ni gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin kò ní kí o má ní ẹbí. Ó ní kí o sọ ọ́, kí o sì kúrò níbẹ̀. Nínú àjọ alájẹṣẹ́kù wa, akápò kì í dá nìkan ka owó. A kò pe akápò ní olè. Ààbò tirẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa kọ sínú èsì lẹ́tà náà nìyí:

Èkíní, kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà ní sẹkitéríàtì tí ará ìlú lè kà, níbi tí alága, kánsẹ́lọ̀, olórí ẹ̀ka, ẹnjiníà àti akápò yóò kọ òwò wọn, ilẹ̀ wọn, àti ilé-iṣẹ́ ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àna tí ó ń wá iṣẹ́ kánsù.

Èkejì, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn jáde kúrò nínú yàrá, kí a sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan fáìlì náà mọ́, yálà láti wọn iṣẹ́ tàbí láti sanwó.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n lẹ orúkọ kọngílá, iye owó àti iṣẹ́ tí ó gbà mọ́ pátákó ní ẹnu géètì. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ti ní kí àwọn kọ́ńpìnnì sọ ẹni tí ó ni wọ́n ní tòótọ́. Kí kánsù béèrè ìwé yẹn kí ó tó gba tẹ́ńdà. Bí wọ́n bá kọ̀, òfin ti ọdún 2011 tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba wà, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin 2025 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣe gbé òṣìṣẹ́ tí ó bá kọ òótọ́ sílẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí, kí aṣojú ẹgbẹ́ sì wà níbi ìwádìí náà.

Ẹ̀karùn-ún kàn wá. Kí àwa aṣojú ẹgbẹ́ náà kọ orúkọ wa sínú ìwé kan náà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kọ tèmi: ìyàwó mi ń ta aṣọ ní ọjà kánsù, orí pẹpẹ ni ó wà báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì ni ó sì ń gbà bí gbogbo ènìyàn.

Mo mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn yìí ni yóò nira jù nígbà tí a bá fẹ́ dìbò. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún àwọn ọ̀gá tí a sì yọ ara wa sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá ọjọ́sí yóò bi wá: ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù bí? Ẹnu wa yóò sì tún gbẹ.

Ìyá wa tí ó dá mi dúró ní géètì ti fẹ̀yìn tì. Ó ń gbé ní ìlú yìí. Mo lọ kí i kí n tó wá sí ìpàdé yìí, mo sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, mo wà níbẹ̀." Ó ní òun mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ní ohun tí ó dun òun ni pé n kò sọ.

 Ìṣọ̀kan wa kò ní í yẹ̀.